Òpin Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà ní Stuttgart: Ẹ Lọ Wo Ilé Àwọn Tó Wá Wo Ilé Wa

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rán an lọ sí Stuttgart, ní gúúsù Jámánì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, iṣẹ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n Sátidé àti Sọ́ńdè, tara rẹ̀ ni. Ó ti wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti kọ ibi mẹ́rin sílẹ̀ tó fẹ́ lọ: ààfin Neuschwanstein, ìlú Munich, Heidelberg, àti ilé àkójọ mọ́tò Mercedes. Ó ní, "Prof, kí lẹ rí sí i?"

Èsì ṣókí ni mo fún un. Èyí tó gùn ni mò ń kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni iṣẹ́ ń gbé kiri ayé báyìí, tí ẹ ó sì máa wá ohun tí ẹ ó fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe ní ìlú tí ẹ kò mọ ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Neuschwanstein kúrò lọ́nà. Ààfin funfun orí àpáta yẹn rẹwà, mi ò jiyàn. Ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ á rò pé ayé ìgbà tí àwọn jagunjagun ń wọ ẹ̀wù irin ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọdún 1869 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, lábẹ́ Ludwig Kejì, ọba Bavaria, ẹni tó fẹ́ràn orin àti eré orí ìtàgé ju ìjọba ṣíṣe lọ. Ó kú ní 1886 láì parí rẹ̀, oṣù méjì kò sì tíì pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wòran. Ó dára. Ní ọdún 1869 yẹn kan náà ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìjọ Kúdẹtì ju ààfin yẹn lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù ú dáadáa.

Ta wá ni Hinderer? Bí mo bá bi ọmọ Ìbàdàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á sọ pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyàwó rẹ̀ ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìlú Hempnall ní Norfolk. Ọkọ, ọmọ Jámánì pọ́ńbélé ni, ọmọ agbègbè Schorndorf ní Württemberg. Láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Stuttgart dé Schorndorf, bí ogójì ìṣẹ́jú ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, Ìbàdàn ló ti kàwé, ọ̀nà Kúdẹtì kò sì ṣàjèjì sí i. Yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìtòsí ìlú ẹni tó dá Kúdẹtì sílẹ̀, kò sì sí lára ohun tó kọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìwé ìrìn àjò tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i, nítorí pé àwa kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ Hinderer nìkan kọ́. Charles Andrew Gollmer, tó wọ Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Kirchheim unter Teck ni, ìlú kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Stuttgart. Ọdún 1812 ni wọ́n bí i. Òun ló kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àrokò wa tó jáde ní London ní 1885: ẹyọ owó tí wọ́n so pọ̀, ìyẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn, àti bí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ṣe ń ka ìtumọ̀ rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àrokò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ Gollmer. Sigismund Koelle, ọmọ Cleebronn, ní Württemberg kan náà, jókòó sí Freetown, ó ń bi àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú léèrè pé kí ni wọ́n ń pe orí, kí ni wọ́n ń pe omi, kí ni wọ́n ń pe iná, títí tó fi kó ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ sínú Polyglotta Africana tó jáde ní 1854. Abẹ́ orúkọ Akú ni tiwa wà níbẹ̀: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Òǹdó àti àwọn yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. J. F. Schön, tí òun àti Crowther jọ wọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní 1841, ọmọ Oberweiler ní Baden ni. Àní olùkọ́ tó gba Crowther sílé ìwé Fourah Bay ní 1827, Haensel, ará Jámánì ni.

Ẹ sì gbọ́ èyí tó kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìtàn jù. Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń fà yọ, tí a sì ń bá jà, abẹ́ àwọn Hinderer ní Ìbàdàn ló ti kàwé ní kékeré lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá láti Sàró ní 1858. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ni G. F. Bühler, ará Jámánì. Tí ẹ bá ń béèrè ibi tí Johnson ti kọ́ pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní ìtàn tí a kọ sílẹ̀, láti ìṣẹ̀dálẹ̀ dé òní, ẹ má kàn máa wo London nìkan. Ẹ wo ìhín pẹ̀lú.

Ìbéèrè tó yẹ kí òpìtàn bi ara rẹ̀ ni pé, kí ló dé tó jẹ́ agbègbè kan ṣoṣo ló ń tú àwọn èèyàn wọ̀nyí jáde? Ẹgbẹ́ C.M.S. ní London ló rán wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yára jáde fún iṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ibà ń pa wọ́n bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ẹgbẹ́ náà bá yíjú sí Basel, ní ẹnubodè Switzerland àti Baden, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ míṣọ́n kan sílẹ̀ ní 1815. Ọmọ Württemberg, Blumhardt, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọmọ Württemberg ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ ahunṣọ, ọmọ bàtàbàtà. Kì í ṣe ọmọ olówó.

Württemberg ìgbà náà kì í ṣe ilẹ̀ Mercedes tí ẹ mọ̀ yìí. Òfin ìjogún wọn ni pé kí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá dọ́gba láàárín gbogbo ọmọ, ọkùnrin àtobìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mọ̀lẹ́bí pín ilẹ̀ mọ ibi tí irú èyí máa ń já sí: lẹ́yìn ìran mẹ́ta, oko kò tó ẹnì kan jẹ mọ́. Ẹni tó ní oko gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Napoleon gba ibẹ̀ kọjá, ogun sì kó ọmọ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni òkè Tambora bú ní Indonesia ní 1815, èéfín rẹ̀ bo ojú oòrùn, ọdún 1816 kò sì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rárá. Òjò rọ̀ títí, yìnyín bọ́, ọkà rà mọ́lẹ̀. Ìyàn mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kó ẹrù wọn, àwọn kan lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn gba ti Russia lọ. Hinderer tí wọ́n bí ní 1819, Koelle tí wọ́n bí ní 1820, ọmọ àwọn tó yè nínú ìyàn náà ni wọ́n. Ọdún 1818 ni ọba wọn dá àjọ̀dún àgbẹ̀ Cannstatt sílẹ̀ ní ẹ̀bá Stuttgart, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí ẹran àti irúgbìn tó dára, kí wọ́n sì tún lérò pé ayé ṣì ń lọ. Àjọ̀dún náà wà títí dòní, ṣùgbọ́n bíà ló gba ibẹ̀ kan báyìí. Tí iṣẹ́ yín bá bọ́ sí ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ẹ ó bá a.

Mo ń sọ èyí nítorí Anna Hinderer. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, owó kò wọlé láti etíkun, ẹrù kò wọlé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ebi ṣe pa wọ́n, bí wọ́n ṣe ta ohun ìní wọn, bí àwọn obìnrin Ìbàdàn ṣe ń fi oúnjẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ló gbà kí Glover tó rán ọ̀gágun kan láti Èkó ní 1865 láti wá gbé e jáde gba ọ̀nà mìíràn. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ, ó dúró ti ìjọ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìjọ sábà máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ ló mú un dúró. Èmi ò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ tí ìyàn ti jà mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ebi. Ẹ sì má gbàgbé pé ará Jámánì mìíràn, Adolphus Mann, wà nínú Ìjàyè lọ́dọ̀ Kúrunmí lásìkò ogun yìí kan náà. Ìlú méjì ń jà, ọmọ Jámánì kan wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń kọ̀wé sí London, ó ń ṣàlàyé ìdí tí ẹjọ́ àwọn tirẹ̀ fi tọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣètò ìrìn àjò wàyí.

Kí ẹ tó wọkọ̀ rárá, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Deutschland-Ticket. Yúrò 49 ló wà lóṣù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023. Ó ti gòkè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì tọ́. Ó ń gbé yín wọ gbogbo bọ́ọ̀sì, tírámù àti ọkọ̀ ojú irin agbègbè jákèjádò Jámánì. Kò gbé yín wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin asáré wọn, nítorí náà ẹ má ṣe jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa bá yín ṣẹjọ́. Ẹ kíyè sí i pé oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀, kì í dá dúró fúnra rẹ̀: kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ ìkẹyìn ni ẹ gbọ́dọ̀ fagi lé e. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí. Ẹ ra oúnjẹ yín lọ́jọ́ Sátidé.

Òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Schorndorf. Ọkọ̀ S2 ló ń lọ. Ẹ jókòó síbi fèrèsé: àfonífojì odò Rems ni ọkọ̀ náà ń gbà, oko àjàrà sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n pín in wẹ́wẹ́wẹ́. Àwọn ìlà tí ẹ rí yẹn, òfin ìjogún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Ojú ọjà Schorndorf kún fún ilé onígi tí wọ́n fi amọ̀ dí àárín igi rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ògiri ilé alámọ̀ nílé á dúró wò ó dáadáa, nítorí Hinderer kò bá ilé alámọ̀ pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ní ìlú yìí ni wọ́n ti bí Gottlieb Daimler ní 1834, ilé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún wíwò, kékeré, ní àdúgbò tí kò ní ariwo. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó fẹ́ rí Mercedes, níbí gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àfonífojì kan ṣoṣo, láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló bí ẹni tó dá Kúdẹtì sílẹ̀ àti ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì tí a fi ń sún nínú gosílóò ní Mókọ́lá.

Ẹ béèrè ìtàn àwọn obìnrin Schorndorf pẹ̀lú. Ní 1688, ọmọ ogun Faransé dé ẹnubodè, àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ ìlú sì fẹ́ jọ̀wọ́ ìlú fún wọn. Barbara Künkelin kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n gba gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n tì í mọ́ àwọn ọkùnrin náà lórí, wọ́n ní ìlú ò ní tú. Kò sì tú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí Tinúubú ṣe ní Abẹ́òkúta nígbà tí Dàhòmì ń bọ̀ ní 1864 kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí obìnrin ṣe ń ṣe irú rẹ̀.

Òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ wọ S6, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìrìn àjò tí mo kọ síbí, èyí ló wúlò jù, bẹ́ẹ̀ kò ná wọn ju àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lọ.

Korntal ni ibi àkọ́kọ́. Ní Württemberg, láti ọdún 1743 ni òfin ti gba àwọn ọmọ ìjọ láyè láti máa pàdé nínú ilé ara wọn fún àdúrà àti ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn yìí ni wọ́n ń pè ní Pietist, ìran ẹlẹ́mìí àdúrà ni ká sọ. Nígbà tí ìyàn àti inúnibíni mú kí wọ́n máa kó lọ sí Russia, ọba rí i pé òun ń pàdánù àwọn òṣìṣẹ́ tó dára jù. Ó bá fún wọn láyè láti dá ìlú tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n má lọ mọ́. Korntal nìyẹn, ọdún 1819. Àgbà wọn kan, Bengel, ti ṣírò Ìwé Ìfihàn, ó sì ti sọ ọdún tí nǹkan yóò yí padà fún ayé: 1836. Àwọn bàbá àti ìyá dúró de ọdún náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Hinderer nígbà tí 1836 dé tó sì kọjá lọ bí ọdún yòókù.

Ẹ gun ọkọ̀ padà, kí ẹ sọ̀ ní Leonberg. Ní ìlú yìí, ní 1615, wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó kan, Katharina Kepler. Wọ́n ní ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní ohun mímu, ó sì di àìsàn sí i lára. Ọmọ rẹ̀ ni Johannes Kepler, ẹni tó ṣàlàyé fún ayé bí àwọn ìràwọ̀ ńlá ṣe ń yí oòrùn po. Ọdún mẹ́fà ni ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀; wọ́n ti arúgbó mọ́lé, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, wọ́n kó irin ìdálóró wá síwájú rẹ̀ kó lè jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́. Kepler pa iṣẹ́ ìràwọ̀ tì, ó wá ń bá ìyá rẹ̀ ṣe lọ́yà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1621, ó sì kú ní ọdún kejì. Ibùdó ìkẹyìn ọkọ̀ S6 ni Weil der Stadt, níbi tí wọ́n ti bí Kepler, ilé àkójọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi rán yín gba ọ̀nà yìí ni pé gbogbo wa la ti ka ìwé tí àwọn ajíhìnrere kọ nípa wa. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ̀wé nípa ìbẹ̀rù òrìṣà, nípa àjẹ́, nípa bí a ṣe ń ṣírò ọjọ́ lọ́dọ̀ babaláwo. Àwọn òpìtàn ìran tèmi lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwé C.M.S.; a mọ gbogbo ohun tí wọ́n rí nínú àgbàlá wa. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló lọ wo àgbàlá tí wọ́n ti wá. Òtítọ́ ni pé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì wà láàárín ẹjọ́ Leonberg àti ìgbà tí Hinderer dé Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó ń ti àjẹ́ mọ́lé mọ́ ní Württemberg ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti 1836 kì í ṣe àtijọ́ fún un. Ẹni tó bá ka lẹ́tà Hinderer láì mọ Korntal ń ka ìdajì lẹ́tà ni. Ohun tí mo ní kí ẹ lọ ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ìgbafẹ́ nìkan. Iṣẹ́ tí a kò ṣe ni.

Kirchheim, ìlú Gollmer, S1 ló ń lọ, ibẹ̀ sì ni òpin rẹ̀. Ìlú náà jóná ní 1690, nítorí náà àwọn ilé àárín ìlú tí ẹ ó rí, lẹ́yìn iná ni wọ́n kọ́ wọn. Ọ̀sán kan tó fún un. Ẹ fi àárọ̀ ọjọ́ náà wo Linden-Museum ní Stuttgart fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ Ẹdó wà níbẹ̀, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897 tó sì dé ọjà Yúróòpù. Ní oṣù keje 2022 ni Jámánì àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé pé ohun-ìní náà di ti Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni mínísítà wọn, Annalena Baerbock, gbé àwọn àkọ́kọ́ wá sí Abuja. Ilé yìí wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn tó ṣì wà, kí ẹ wo orúkọ ẹni tí wọ́n kọ pé ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ idẹ Benin ló gbé mi dé Augsburg. Ó lé ní wákàtí méjì láti Stuttgart nínú ọkọ̀ ojú irin agbègbè, ẹ ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Ulm, níbi tí ilé ìsìn kan wà tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 161. Tí orúnkún yín bá lágbára, àtẹ̀gùn 768 ni. Ní Augsburg, gbogbo ẹni tó ń fini mọ̀nà ló máa mú yín lọ sí Fuggerei, àdúgbò tí Jakob Fugger olówó kọ́ fún àwọn aláìní ní 1521. Títí dòní, owó ilé ọdún kan níbẹ̀ kò pé yúrò kan, àfi àdúrà mẹ́ta lójúmọ́ fún ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n á sọ ìyẹn fún yín tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí wọ́n lè má sọ ni pé ní 1548 ìdílé Fugger bá ọba Portugal ṣe àdéhùn láti kó òrùka idẹ fún òwò etíkun Guinea, irú òrùka tí wọ́n fi ń ra èèyàn, irú èyí tí àwọn asúdẹ Benin ń yọ́ láti fi dá iṣẹ́ ọnà wọn. (Ìwádìí tó jáde ní 2023 lórí òrùka tí wọ́n hú nínú ọkọ̀ òkun tó rì fi hàn pé idẹ agbègbè odò Rhine ló bá ti Benin mu jù.) Àwọn Welser, olówó kejì ìlú náà, ṣe ju ìyẹn lọ: ní 1528, àwọn aṣojú wọn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba Spain láti kó 4,000 ẹrú aláwọ̀ dúdú lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tó máa ń sọ pé Jámánì kò sí nínú òwò ẹrú, ẹ bá mi mú wọn dé Augsburg.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ tó ṣẹ́kù lè gba ọ̀nà Freiburg lọ sí Basel, kó yà ní agbègbè Badenweiler, níbi tí Oberweiler ti Schön wà. Físà Schengen yín bo Switzerland pẹ̀lú, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání.

Èyí tí mo fi sílẹ̀ dé ìkẹyìn gba òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ sì sùn lọ́nà. Bayreuth ni, ní àríwá Bavaria, ẹ ó sì gba Nürnberg kọjá. Ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún Nürnberg. Pápá tí Hitler ti ń kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jọ wà níbẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n ti kéde òfin 1935 tó sọ àwọn Júù di àlejò ní ìlú wọn, ní ìlú kan náà sì ni wọ́n ti gbẹ́jọ́ àwọn ọ̀gá Nazi ní 1945 sí 1946, nínú yàrá ẹjọ́ 600, tí ẹ lè wọ̀ lọ wò. Ẹ má kánjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ní Bayreuth, àwọn arìnrìn-àjò yòókù á máa gun òkè lọ sí ilé eré Wagner, èyí tó ṣí ní 1876 pẹ̀lú owó Ludwig Kejì, ọba ààfin funfun wa ìjẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ béèrè Iwalewahaus.

Ulli Beier ló dá a sílẹ̀ fún yunifásítì ìlú náà ní 1981. Wọ́n bí i ní 1922 ní Glowitz, tó ti bọ́ sí Poland báyìí. Júù ni bàbá rẹ̀, dókítà ni, ìdílé náà sì sá lọ sí Palestine nígbà tí Hitler gba ìjọba. Beier dé Ìbàdàn ní 1950 láti wá ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò gbà á. Ó gba Ẹdẹ, ó gba Òṣogbo. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus ní 1957, ó wà nídìí ẹgbẹ́ Mbárí ní Ìbàdàn ní 1961, òun àti Dúró Ládiípọ̀ sì ṣe ti Òṣogbo. Ó tilẹ̀ kọ eré ní orúkọ Yorùbá, Ọbọ́túndé Ìjímèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọmọ Yorùbá kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí èyí, a jiyàn púpọ̀ ní kíláàsì, àwọn kan nínú yín á rántí; mo ṣì gbà pé kò yẹ kó lo orúkọ náà, mo sì gbà pé eré náà dára.

Ẹ wo ọ̀nà náà bó ṣe rí. Ọmọ ẹni tí Jámánì lé jáde ni wọ́n pè padà sí Bavaria, ní ibi tí kò jìnnà sí Nürnberg, tí wọ́n ní kó wá dá ilé kan sílẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ wa, ìwà lẹwà, ó fi í sọ ilé náà lórúkọ. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Òṣogbo wà nínú àkójọ wọn, Múráínà Oyèlámì náà sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Hinderer kó ọ̀rọ̀ Württemberg wá sí Kúdẹtì, ó tiẹ̀ túmọ̀ ìrìn àjò Onígbàgbọ́ ti Bunyan sí Yorùbá kí àwa lè kà á. Ní Bayreuth, ìrìn àjò náà gba ọ̀nà kejì.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wo ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìpàtẹ máa ń wà níta. Àwọn ará ìlú máa ń pe orúkọ náà ní àpèpọ̀, láìsí àmì ohùn kankan. Ẹ bá wọn pè é dáadáa. Kí ẹ sì wo ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn ń padà sí Nürnberg, nítorí Mọ́ńdè, iṣẹ́ ń bẹ.